Ọ̀nà Ni, Orúkọ Ni, àbí Àṣẹ Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Tí Wọn Ò Gbọ́ra Wọn Yé

Ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ìjókòó, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ètò tó ń darí rẹ̀: Windows, ti Mac, tàbí Linux. Ta ló wà níbí tí Windows wà nílé rẹ̀, tí Mac wà níbẹ̀, tí ọmọ tàbí àbúrò kan tún ń lo Linux, tí fóònù mẹ́rin márùn-ún sì wà lórí Wi-Fi kan náà? Ẹ na ọwọ́ yín sókè. Wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé wọn wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan ò ṣiṣẹ́, ta ni nínú yín tí kò sọ pé, "Ẹ̀rọ yẹn tó yàtọ̀ sí tiwa ló bà á jẹ́"? Ọwọ́ ti ń wálẹ̀ o.

Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ní kó pa Linux rẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Linux ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí Mac tó dára tí wọ́n gbé sínú àpótí fún ọdún kan. Ó dùn mí, nítorí pé ẹjọ́ tí wọ́n fi kan àwọn ẹ̀rọ yẹn, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Àbúrò mi, prínńtà yìí ti sú mi." Mac rẹ̀ rí prínńtà náà. Linux ọmọ rẹ̀ rí i. Windows nìkan ni kò rí i. Ó ti yọ sọ́fítíwia prínńtà náà, ó ti dá a padà, kò ṣeé ṣe. Ó wá nu Windows kúrò pátápátá, ó tún un gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Prínńtà ò hàn síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, kí lorúkọ Wi-Fi tí Windows yẹn wà lórí rẹ̀?" Ó dákẹ́ lórí fóònù. Màá padà sórí ìdákẹ́ yẹn láìpẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta péré

Gbogbo ẹjọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá gbé wá bá mi, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi í. Ọ̀nà ni, orúkọ ni, àbí àṣẹ ni?

Ọ̀nà: ṣé ẹ̀rọ méjèèjì lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn rárá? Orúkọ: ṣé ọ̀kan mọ ibi tí èkejì ń gbé? Àṣẹ: tó bá wá dé ẹnu ọ̀nà, ṣé onílé á ṣílẹ̀kùn fún un? Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn ni kí ẹ máa bi wọ́n, kí ẹ má fo ọ̀kankan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹni tó ń yí páásíwọ̀ọ̀dù padà nígbà tí wáyà ti yọ lẹ́yìn ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, làpálàpá ló ń pa.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì dárúkọ Windows, Mac tàbí Linux nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ibi orúkọ àti ibi àṣẹ ni ìwà wọn ti yàtọ̀ síra.

Ọ̀nà

Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ jù nìyí, torí pé ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sáré kọjá jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ lè kàn. Ṣé iná kékeré tó wà níbi tí wáyà wọ̀ ń ṣẹ́jú? Okùn bàbà mẹ́jọ ló wà nínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, méjì méjì ni wọ́n lọ́ wọn pọ̀. Kí ìsopọ̀ tó lè sáré dé 1,000 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ pé. Tí ọ̀kan bá já, ìsopọ̀ náà lè má kú, ó kàn máa rọra bọ́ sí 100 ni. Onílé á wá máa sọ pé kọ̀ǹpútà òun ti darúgbó. Kọ̀ǹpútà ò darúgbó o, okùn kan ló já. Ẹ mú wáyà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹ̀rọ kejì, ẹ fi dán èyí wò. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Tó bá jẹ́ Wi-Fi ni, ẹ rántí pé ráútà òde òní sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ti 2.4 ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, kódà ààrò máíkírówéèfù máa ń pariwo sí i. Ti 5 yára, ṣùgbọ́n ògiri méjì lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Mo ti rí prínńtà tó jẹ́ pé 2.4 nìkan ló gbọ́, tí wọ́n ń fipá mú un kó wọ 5. Kò lè gbọ́ ọ láéláé.

Lẹ́yìn ìyẹn, àdírẹ́sì ló kàn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Lórí Windows, ẹ ṣí ojú ewé dúdú tí a fi ń pàṣẹ, tó ń jẹ́ Command Prompt, kí ẹ tẹ ipconfig. Lórí Linux, ẹ tẹ ip addr. Lórí Mac, ifconfig ni, tàbí kí ẹ lọ wo ibi ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Láti 1996 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsọ̀rí nọ́ńbà mẹ́ta wà fún ìlò abẹ́lé: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó wà láti 172.16 dé 172.31, àti 192.168 yìí.

Kí wá ni ká sọ tí ẹ bá rí 169.254? Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé, "Mo bèèrè àdírẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ni mo bá fún ara mi ní ọ̀kan." Windows àti Mac máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Linux kì í ṣe é, wọ́n kàn máa dúró láìní àdírẹ́sì kankan ni. Ẹ rí i bí? Àìsàn kan náà ni, ojú méjì ló fi hàn. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé Windows wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì torí pé ó rí nọ́ńbà níbẹ̀, pé Linux ló bàjẹ́. Kò sí èyí tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú àwọn méjèèjì! Ráútà ni kí ẹ lọ wò.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ping, àṣẹ kékeré tí a fi ń pe ẹ̀rọ mìíràn láti mọ̀ bóyá á dáhùn. Mike Muuss ló kọ ọ́ ní December 1983, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ológun kan ní Amẹ́ríkà. Ó fi orúkọ yẹn sọrí ohùn tí ọkọ̀ ojú omi máa ń rán jáde sínú omi láti mọ ohun tó wà níwájú. Ó ti lé ní 40 ọdún, ó ṣì wà lórí Windows, lórí Mac, lórí Linux, orúkọ kan náà, iṣẹ́ kan náà. Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Mo kọ́kọ́ ń ping 127.0.0.1, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ pe ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ń ping ráútà. Lẹ́yìn náà, 8.8.8.8, tí í ṣe nọ́ńbà Google lóde. Ìkẹyìn ni mo tó ń ping orúkọ ojú òpó kan. Ibi tí ìdáhùn bá ti dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́. Tí 8.8.8.8 bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, ọ̀nà dára, orúkọ ló bàjẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà mọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Firewall Windows, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ọ̀rọ̀ tó lè wọlé, kì í sábà jẹ́ kó dá ping lóhùn. Tí Mac bá pe Windows tí kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ má tíì sọ pé ọ̀nà ti dí. Ẹ yí i padà, kí Windows pe Mac. Tí Mac bá dáhùn, ọ̀nà ṣí. Ẹni tó wà nílé tí kò dáhùn ni Windows.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, ó ní, "Ó kọ ọ̀rọ̀ àlejò síwájú orúkọ Wi-Fi yìí." Ráútà rẹ̀ ní Wi-Fi méjì, ọ̀kan fún ará ilé, ọ̀kan fún àlejò. Nígbà kan rí, ẹnì kan ti gbé Windows yẹn sórí ti àlejò. Wi-Fi àlejò máa ń jẹ́ kí èèyàn dé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó rí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ṣe. Nígbà tó tún Windows gbé kalẹ̀, ó tún so ó mọ́ Wi-Fi àlejò yẹn kan náà, torí pé páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ ló kúrú jù. Ohun tó tàn án ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: pé íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé kò ní kí ọ̀nà inú ilé ṣí. Ọ̀nà ìta lọ́tọ̀, ọ̀nà inú ilé lọ́tọ̀.

Irú èyí náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí ráútà bá jẹ́ méjì. Ẹnì kan á ra ráútà kejì kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn, á kàn so wọ́n pọ̀. Àwọn méjèèjì á wá máa pín àdírẹ́sì, ọ̀kan ń pín 192.168.1, èkejì ń pín 192.168.0, ilé kan á di ilé méjì láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ lọ sínú ètò ráútà kejì, ẹ sọ fún un pé kó má pín àdírẹ́sì mọ́, kó kàn máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. VPN náà ńkọ́, ètò tó ń gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Tó bá wà ní títàn lórí ẹ̀rọ kan, ó lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà gba òde lọ, kó má rí prínńtà tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ pa á ná, kí ẹ dán an wò.

Orúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, àwa èèyàn la fẹ́ orúkọ. Kó tó di 1983, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbà yẹn sí, ilé iṣẹ́ SRI ní California ló ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí orúkọ pọ̀ ju ohun tí fáìlì kan lè gbà lọ, Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀ ní 1983, ètò tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà. Ohun tó wú mi lórí ni pé fáìlì àtijọ́ yẹn ò kú. Ó ń jẹ́ hosts, ó wà lórí gbogbo ẹ̀rọ yín títí di òní, nínú /etc lórí Mac àti Linux, nínú System32\drivers\etc lórí Windows. Tí orúkọ kan bá ń mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ sí ibi tí kò yẹ, ẹ wo inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kọ nǹkan síbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nínú ilé, ibi tí ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láti 2002 ni Apple ti ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ kígbe orúkọ ara wọn fún gbogbo ilé gbọ́, tí orúkọ náà ń parí sí .local. Bonjour là ń pè é báyìí. Avahi ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí Linux. Windows ní tirẹ̀ láti ayé àtijọ́, ọ̀nà mìíràn pátápátá ló ń gbà kígbe, ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti Bonjour. Ìdí nìyẹn tí Mac fi lè rí Linux láìsí wàhálà, kí Windows má rí èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ṣàìsàn. Àwọn tí ẹ ṣì ń wá HomeGroup, ètò àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì nínú ilé, ẹ má wá a mọ́. Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 láti 2018.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ má jókòó ti àwòrán ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń to orúkọ ara wọn, kí ẹ máa retí kí ẹ̀rọ kan yọjú síbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà pè é. Lórí Windows, ẹ tẹ \\192.168.1.20 sínú àpótí àdírẹ́sì fódà. Lórí Mac tàbí Linux, smb://192.168.1.20 ni. Ẹ fi nọ́ńbà tiyín dípò o. Tí ilẹ̀kùn bá dáhùn, kódà kó jẹ́ pé páásíwọ̀ọ̀dù ló ń bèèrè, ẹ dúpẹ́: ọ̀nà dára, orúkọ nìkan ló ṣọnù. Kí nọ́ńbà náà má bàa yí padà lọ́la, ẹ wọ inú ráútà, ẹ fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún prínńtà àti fún ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì. Prínńtà tí wọ́n ní ó ń kú, ó ń jí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń yí padà.

Àṣẹ

SMB lorúkọ èdè tí Windows fi ń pín fáìlì. Báwo ni Linux ṣe wá gbọ́ ọ? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Australia, Andrew Tridgell, ló jókòó ti wáyà, tó ń wo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàrin ẹ̀rọ méjì, títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní 1992 ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tó ń wá orúkọ fún un, ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá ọ̀rọ̀ tí S, M àti B wà nínú rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ló bá rí Samba. Mac náà ti sọ SMB di èdè tó kọ́kọ́ ń lò láti pín fáìlì láti 2013. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni pé èdè yẹn ní ti àtijọ́ àti ti ìgbàlódé. Ará ibi iṣẹ́ mi kan ní àpótí kékeré kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé rẹ̀ tó ń tọ́jú àwòrán ìdílé rẹ̀, àpótí náà ti pẹ́. Ó ra kọ̀ǹpútà Windows tuntun, ó ṣí àpótí náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣí. Ó rin ìrìn àjò, ó fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ ní títàn, ó padà lẹ́yìn oṣù kan, àpótí ò ṣí mọ́. Ó búra pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan, òótọ́ ló sì sọ. SMB1, ìyẹn SMB ti àtijọ́, nìkan ni àpótí yẹn gbọ́. Láti òpin 2017 ni Windows 10 sì ti ń yọ SMB1 kúrò fúnra rẹ̀ tí ọjọ́ 15 bá kọjá tí kọ̀ǹpútà wà ní títàn tí ẹnikẹ́ni ò lò ó.

Ó ní kí n bá òun dá a padà. Mo ní rárá, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín bí mo ṣe sọ ọ́ fún un. Ní May 2017, WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa láti fi gba owó, gba inú ihò kan nínú SMB1 wọ kọ̀ǹpútà kárí ayé. Ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá aláìsàn padà torí pé ẹ̀rọ wọn ti wà ní títì pa. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti March ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ ò tíì fi í sí i. Tí ilẹ̀kùn bá jẹ́ èyí tí olè ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ẹ má tún un ṣí nítorí àwòrán. A lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀ láti kó àwòrán náà jáde, a kó wọn sí ibi tuntun, a fẹ̀yìn àpótí náà tì.

Àwọn tó kù ò le tó bẹ́ẹ̀. Windows máa ń bi yín bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí jẹ́ ti gbogbo ayé tàbí ti abẹ́lé. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, á fi ara rẹ̀ pamọ́. Páásíwọ̀ọ̀dù Samba lórí Linux kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń wọlé, àṣẹ smbpasswd lẹ ó fi ṣe é lọ́tọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ fi ń ṣí Windows ò wúlò láti orí ẹ̀rọ mìíràn, páásíwọ̀ọ̀dù àkáǹtì yín gan-an ló ń bèèrè. Mac ní ibì kan nínú ètò ìpínfáìlì rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i pé Windows lè fi orúkọ yín wọlé. Tí fáìlì kan ṣoṣo bá kọ̀ láti ṣí nígbà tí gbogbo yòókù ṣí, ẹ wo orúkọ rẹ̀: Windows ò gba àmì bíi : tàbí ? nínú orúkọ fáìlì, Linux gbà á. Linux sì ka Iwe àti iwe sí fáìlì méjì.

Ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí: ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ yí ọ̀kan, ẹ dán an wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò bá wúlò, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Bí ẹ bá pa firewall láti fi dán nǹkan wò, kí ẹ tó dìde lórí àga yẹn ni kí ẹ ti tún un tàn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu wá, kó máa gbé e bọ̀ lórí tábìlì yìí. Wáyà mẹ́ta wà nínú àpò mi, ráútà kékeré kan sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹ ti dúró pẹ́.